Kúìsì líìgì ní ilé ọtí: kí ni kí n kà kí ìbéèrè tó kàn mí?

Adùkẹ́_Leeds
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn yín gan-an. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leeds níbí ní ẹgbẹ́ kúìsì kan tó wà nínú líìgì. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ sí ilé ọtí kan tàbí òmíràn láti bá ẹgbẹ́ mìíràn figagbága. Ẹnì kan nínú wọn kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì ní kí n wá rọ́pò rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń gbọ́ bí mo ṣe ń dáhùn ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán. Inú mi dùn sí i púpọ̀. N kì í mu ọtí, ìyẹn ò sì di wàhálà rárá, omi ọsàn ni wọ́n ń rà fún mi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é gan-an ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Kì í ṣe èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń forí korí kọ ìdáhùn sínú ìwé. Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó, ìbéèrè á sì máa kàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kàn ọ́, tí o dá a dáhùn fúnra rẹ, máàkì 2 ni. Bí o bá kọ́kọ́ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ, máàkì 1. Bí ẹ ò bá gbà á, ó di ti ẹgbẹ́ kejì, àwọn náà lè fi gba máàkì 1. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti Áfíríkà, ti sáyẹ́ǹsì tàbí ti Bíbélì, ara mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, eré tẹlifíṣọ̀n tó ti ń lọ kí wọ́n tó bí mi, bọ́ọ̀lù ayé àwọn bàbá wa, ibẹ̀ ni mi ò ti mọ ohun tí mo lè sọ. Líìgì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Peckham_Gidi
Àbúrò mi, o kú oríire. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú irú líìgì bẹ́ẹ̀ ní gúúsù London níbí. Ti Britain ni kí o kọ́kọ́ há sórí, torí pé kò sí alẹ́ tí wọn ò ní béèrè ẹ̀.

Olóòtú ìjọba àkọ́kọ́: Robert Walpole, 1721. Olóòtú ìjọba kan ṣoṣo tí wọ́n ṣekú pa: Spencer Perceval, 1812. Obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà: Margaret Thatcher, 1979. Ogun Hastings, 1066. Magna Carta, ìwé àdéhùn láàárín ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀, 1215. Iná ńlá tó jó London, 1666. Àwọn ìyàwó mẹ́fà tí Ọba Henry Kẹjọ fẹ́, tò wọ́n tẹ̀léra: Catherine of Aragon, Anne Boleyn, Jane Seymour, Anne of Cleves, Catherine Howard, Catherine Parr. Má fi mọ sí orúkọ wọn. Ó kọ ẹni kìíní, wọ́n bẹ́ ẹnì kejì lórí, ẹnì kẹta kú, ó kọ ẹnì kẹrin, wọ́n bẹ́ ẹnì karùn-ún lórí, ẹnì kẹfà ló gbẹ̀yìn ọba.

Ní ti bọ́ọ̀lù: àṣekágbá Ife Àgbáyé 1966, England 4, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì 2, Geoff Hurst gbá mẹ́ta sáwọ̀n, Bobby Moore ni kápítéènì. Nottingham Forest gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, 1979 àti 1980.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé, torí pé àdúgbò wa ni: nínú gbogbo òpópónà tó wà lórí pátákó eré Monopoly ti London, Old Kent Road nìkan ló wà ní gúúsù odò Thames. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ti ra iṣu ní Old Kent Road ti tẹ ìdáhùn yẹn mọ́lẹ̀.

BàbáTísà
Adùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò bá Peckham_Gidi lọ lórí ibi tó ní kí o ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ máa jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn Henry Kẹjọ láti kékeré. Wọn ò pè ọ́ kí o wá di ẹnì kẹrin tó mọ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ohun tí wọn ò ní ni kí o gbé lọ bá wọn, kí ó sì jinlẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "Áfíríkà", ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo wọn á kọjú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ àwọn ìbéèrè tó ní pàkúté nínú. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè fẹ́ràn olú ìlú, nítorí pé ìlú tó gbajúmọ̀ jù lórílẹ̀-èdè kọ́ ni olú ìlú rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ọsirélíà, Canberra ni, kì í ṣe Sydney. Kánádà, Ottawa. Tọ́kì, Ankara. New Zealand, Wellington. Switzerland, Bern. Kazakhstan, Astana, wọ́n yí i sí Nur-Sultan ní 2019, wọ́n sì dá a padà ní 2022, nítorí náà bí o bá ń fi ìwé tó ti pẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ra. Tàǹsáníà, Dodoma. Ivory Coast, Yamoussoukro láti 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abidjan ni gbogbo ayé mọ̀. Orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, Porto-Novo ni, ìyẹn Àjàṣẹ́ wa níbẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Tiwa náà, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni wọ́n gbé e kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá.

Brazil ni kí o fara balẹ̀ kọ́ dáadáa, torí ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà béèrè ẹ̀. Brasília ni láti 1960. Rio de Janeiro ló wà nípò ṣáájú ẹ̀. Ṣáájú Rio, títí di 1763, Salvador ni, ní Bahia, ibi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ nígbà òwò ẹrú. Wọ́n máa ń béèrè ti Rio yẹn gan-an, ẹni tó bá mọ Salvador mọ́ ọn ló máa gba ìbéèrè tó le.

Má sì gbàgbé tiwa nínú eré ìdárayá. Atlanta 1996: Chioma Ajunwa fi fífò jìnnà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa sì gba tiwọn ní ọjọ́ kejì, 3 sí 2 pẹ̀lú Argentina. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, 2022: ìṣẹ́jú àáyá 12.12, àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré sísá mítà 100 tí wọ́n ń fo ìdènà. Ìbéèrè tó máa ń dá wọn láàmú ni pé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló ti sá eré yẹn. Ó sá 12.06 nínú àṣekágbá, wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun nítorí pé atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn ti pọ̀ jù.

Dókítà_Manchester
Bàbá Tísà, ẹ ṣeun, mo ti kọ ti Salvador yẹn sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo òfin líìgì tí Adùkẹ́ sọ. Ìbéèrè ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bí ti Henry Kẹjọ bá kàn án, tó sì ní láti bi àwọn mẹ́ta yòókù, ìdajì máàkì ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé Peckham_Gidi tọ̀nà nípa irú líìgì yìí. Bó bá jẹ́ kúìsì tí gbogbo tábìlì ń kọ ìdáhùn pọ̀, tiyín ni mo máa tẹ̀ lé.

Nípa olú ìlú, ẹ fi kún un pé Gúúsù Áfíríkà ní mẹ́ta: Pretoria fún ìjọba, Cape Town fún ilé aṣòfin, Bloemfontein fún ilé ẹjọ́. Bolivia: Sucre ni òfin orílẹ̀-èdè wọn pè é, La Paz ni ìjọba jókòó sí.

Adùkẹ́, o ní sáyẹ́ǹsì kò ṣòro fún ọ, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kúìsì yàtọ̀ sí ti ilé ìwé. Wọn ò ní kí o ṣe ìṣirò, ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Pílánẹ́ẹ̀tì wo ló gbóná jù? Mercury ló sún mọ́ oòrùn jù, ṣùgbọ́n Venus ló gbóná jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó nípọn tó yí i ká kì í jẹ́ kí ooru jáde. Egungun mélòó ló wà lára àgbàlagbà? 206. Èwo ló kéré jù? Stapes, nínú etí. Lẹ́tà wo ni kò sí lórí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì? J. Mọ àwọn àmì tí kò jọ orúkọ wọn: Au ni wúrà, Ag ni fàdákà, Fe ni irin, Pb ni òjé, K ni potassium, Na ni sodium, W ni tungsten. Aṣálẹ̀ wo ló tóbi jù láyé? Antarctica. Bí wọ́n bá sì béèrè ẹni tó ṣe gílóòbù iná, mọ̀ pé ní Britain, Joseph Swan ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ọtí náà wà.

Ìyá_Ìbejì
Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ o, Sàhárà ni aṣálẹ̀ tó tóbi jù láyé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa. Yìnyín ló wà ní Antarctica.

Dókítà_Manchester
Ìyá Ìbejì, Sàhárà ló tóbi jù nínú àwọn aṣálẹ̀ tó gbóná. Òjò tàbí yìnyín tó ń rọ̀ níbì kan lọ́dún ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní aṣálẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Èyí tó ń rọ̀ ní Antarctica kéré gan-an, èyí tó sì wà nílẹ̀ yẹn ti ń kó jọ láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí abéèrè bá fi "gbígbóná" kún un, Sàhárà ni kí Adùkẹ́ sọ. Bí kò bá fi kún un, Antarctica.

Ọmọ_Òṣogbo
Ibi tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀rọ̀ tí abéèrè fi sínú ìbéèrè ló ń pinnu ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó dájú pé ọ̀dọ̀ Adùkẹ́ ni wọ́n máa wò bó bá ti jẹ yọ.

"Ta ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀?" Ṣóyínká ni, 1986. Kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ní "ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà" ńkọ́? Albert Camus nìyẹn, Algeria ni wọ́n bí i sí, ó sì gba ẹ̀bùn náà ní 1957. Claude Simon tó gbà á ní 1985, ọdún kan ṣáájú Ṣóyínká, Madagascar ni wọ́n bí òun náà sí. Ọmọ Faransé ni àwọn méjèèjì. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ṣe awuyewuye lórí èyí débi pé abéèrè ní láti fagi lé ìbéèrè náà. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá kàn ọ́ tí kò yé ọ dáadáa, sọ fún abéèrè pé kó tún un kà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Má dáhùn nígbà tó ṣì ń kà á lọ́wọ́, nítorí pé ìparí ìbéèrè ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ tó yí i padà sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọba tó pẹ́ jù lórí oyè. Nínú àwọn ọba Britain, Elizabeth Kejì ni, 1952 sí 2022, ọdún 70. Victoria ló tẹ̀ lé e, 1837 sí 1901, ọdún 63. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní "nínú ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù", Louis Kẹrìnlá ti Faransé ni, ọdún 72.

Bí wọ́n bá sì béèrè ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Nobel èyíkéyìí, Albert Luthuli ti Gúúsù Áfíríkà ni, Nobel àlàáfíà ti 1960.

BàbáTísà
Ọmọ_Òṣogbo, o sọ ti Camus, o wá fi ti Max Theiler sílẹ̀. Pretoria ni wọ́n bí i sí, ó sì gba Nobel ìṣègùn ní 1951 nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ọmọ yìí mọ ìyàtọ̀ "ọmọ Áfíríkà" àti "ẹni tí wọ́n bí sí Áfíríkà", jẹ́ kó mọ̀ ọ́n dé ìparí.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀yin ọkùnrin ti gba gbogbo ọ̀rọ̀. Adùkẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ sọ ti tẹlifíṣọ̀n, torí pé mo ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí mo ti dé London, mi ò sì ní fi wọ́n sílẹ̀. Eré mẹ́ta ni kí o mọ̀, kí o mọ ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìlú tí ìtàn wọn ti wáyé, àti orúkọ ilé ọtí tó wà nínú wọn. Ilé ọtí yẹn ni wọ́n máa ń béèrè jù.

Coronation Street bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1960, apá Manchester ni, Rovers Return ni ilé ọtí wọn. EastEnders bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 1985, ìlà oòrùn London, Albert Square ni wọ́n ń gbé, Queen Victoria ni ilé ọtí, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí Queen Vic. Ẹ̀kẹta ni Emmerdale, ọdún 1972, Emmerdale Farm ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Woolpack ni ilé ọtí wọn. Ti Emmerdale yìí kan ọ gbọ̀ngbọ̀n o, torí pé Leeds tí o wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Abúlé tí ẹ ń rí nínú rẹ̀, inú ilẹ̀ Harewood ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ará Leeds á máa retí pé kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ti orin náà ń bẹ: Sade tí gbogbo wọn ń kọrin rẹ̀, Fọláṣadé Adú, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959. Mo ti gbọ́ tí wọ́n béèrè ìyẹn, kò sí òyìnbó kan tó mọ̀ ọ́n nílé ọtí yẹn.

Adùkẹ́_Leeds
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mà á lọ wo abúlé Harewood yẹn. Ohun méjì ló tún kù tí mo fẹ́ bi yín. Èkíní, bí ìbéèrè bá kàn mí, tí mo ní ìdáhùn lọ́kàn ṣùgbọ́n tí kò dá mi lójú, ṣé kí n dáhùn, àbí kí n bi wọ́n kí n gba máàkì 1? Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní kí n máa dáhùn, ẹlòmíràn ní kí n máa béèrè. Èkejì, ti odò, òkè àti adágún Britain. Wọ́n ní ó máa ń wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Akin_Houston
Ní Amẹ́ríkà níbí, ti ẹgbẹ́ tó ń kọ ìdáhùn pọ̀ ló wọ́pọ̀, nítorí náà mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí máàkì 2 àti 1. Àmọ́ wọ́n máa ń béèrè tiwa lọ́dọ̀ yín náà: Q nìkan ni lẹ́tà tí kò sí nínú orúkọ ìpínlẹ̀ kankan nínú àádọ́ta. Ọwọ́ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ra Alaska, 1867. Ènìyàn 12 ló ti rìn lórí òṣùpá, Michael Collins kò sí lára wọn: inú ọkọ̀ ló wà tó ń yí òṣùpá ká nígbà tí Armstrong àti Aldrin sọ̀kalẹ̀ ní 1969.

Àrẹ_Abéèrè
Mo ti kọ ìbéèrè fún líìgì kan rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì.

Adùkẹ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ àti ẹlòmíràn yẹn, kò sí èyí tó tọ̀nà pátápátá. Bí o bá dáhùn tó sì jẹ́ irọ́, kì í ṣe máàkì tìrẹ nìkan lo pàdánù, o tún ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ kejì. Wo ohun tí ìbéèrè dá lé. Bó bá jẹ́ ti Áfíríkà tàbí ti sáyẹ́ǹsì, tí ìdáhùn kan ti wá sí ọ lọ́kàn kíá, sọ ọ́, torí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́ta yòókù má mọ̀ ju tìrẹ lọ. Bó bá jẹ́ ti eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 1975, tí o kàn ń méfò, bi wọ́n. Máàkì 1 tó dájú sàn ju 2 tí o ń fojú inú wò. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó kí kálukú sọ ohun tó mọ̀ jù, kí o lè mọ ẹni tí o máa kọjú sí.

Mi ò fara mọ́ bí gbogbo wa ṣe ń da ìdáhùn jọ síwájú ẹ yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn há a sórí máa gbàgbé ẹ̀ kó tó dé ilé ọtí. Ra ìwé kékeré kan. Gbogbo ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín kò bá gbà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ ọ́ síbẹ̀, kí o sì wá ìdí rẹ̀ kí Ìṣẹ́gun mìíràn tó dé. Àwa tí à ń kọ ìbéèrè kì í lọ jìnnà. A máa ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn, ohun tó pé 50 ọdún tàbí 100 ọdún lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn láti Sátidé dé ọjọ́ Ajé ti rí díẹ̀ lára ìbéèrè mi.

Ti odò àti òkè: Severn ló gùn jù ní Britain, kìlómítà 354, Thames ló tẹ̀ lé e, 346. Òkè tó ga jù ní Skọ́tílándì àti ní gbogbo Britain, Ben Nevis, mítà 1,345. Ní Wéésì, Snowdon, 1,085; Yr Wyddfa ni wọ́n ń pè é báyìí, méjèèjì la sì ń gbà. Ní England, Scafell Pike, 978. Adágún tó tóbi jù ní England ni Windermere, ṣùgbọ́n ní gbogbo United Kingdom, Lough Neagh ni, ní Àríwá Ireland.

Peckham_Gidi
Àrẹ, ẹ ṣeun, ti Lough Neagh yẹn ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Èyí tó kù ni ìbéèrè ìjáwé olúborí bí máàkì bá dọ́gba. Iye kan ni wọ́n máa ń béèrè, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló gbà á. Àbúrò, mọ díẹ̀ lára iye wọ̀nyí kí o lè fi wọ́n díwọ̀n èyí tí o kò mọ̀: Everest, mítà 8,849, London Eye, mítà 135, ihò ojú irin abẹ́ òkun tó lọ sí Faransé, bí i kìlómítà 50, 1994 ni wọ́n ṣí i.

Dókítà_Manchester
Ẹ kọ wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà àti máìlì náà o, torí pé bí wọ́n ṣe máa béèrè ẹ̀ ní Leeds nìyẹn. Everest, 29,032. Ben Nevis, 4,413. Títì M25 tó yí London ká, máìlì 117. Bí o bá gbàgbé, fi 3.28 ṣe ìlọ́po mítà, ó di ẹsẹ̀ bàtà. Pín kìlómítà sí mẹ́jọ, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di máìlì. Máa fi ṣe ìdánrawò nínú bọ́ọ̀sì, torí pé wọn ò ní gbà kí o mú fóònù jáde lórí tábìlì.